Ibi Funfun Létí Odò

Lẹ́yìn tí mo dé ìlú Adelphi lókè òkun, ọ́fíìsì kan gbà mí láti máa ya máàpù àfonífojì odò kan ní ìhà àríwá jíjìnnà, níbi tí òtútù kò jẹ́ kí ènìyàn gbé. Fọ́tò tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú ni a fi ń ṣiṣẹ́. Mo rí ibi funfun kan tó tẹ́jú létí odò náà, mo sì yà á gẹ́gẹ́ bí iyanrìn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni etí odò wa nílé ṣe máa ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọmọbìnrin Ìbàdàn tó jókòó tì mí ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó ti débẹ̀ rí.”

Mo ní, “Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ya odò.”

Yìnyín tó bo omi ni ibi funfun náà. Ọkùnrin kan gba máàpù mi gbọ́, ó fi bàálù kékeré balẹ̀ síbẹ̀, yìnyín náà fọ́ lábẹ́ rẹ̀, ó sì kú.

Ọ̀gá wa béèrè ẹni tó fi fọ́tò náà ya máàpù. Ọmọbìnrin náà tẹríba, kò dárúkọ mi. Èmi náà dákẹ́ títí ọ̀gá fi kọjú ìbínú sí i. Nígbà náà ni mo tó sọ pé, “Èmi ni.”

Kò sí ẹni tó bá mi wí. Wọ́n dá fọ́tò náà padà fún mi, mo sì tún ibẹ̀ yà gẹ́gẹ́ bí yìnyín.