Kọfí Baba Lárúbáwá

Baba Lárúbáwá tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Coolock, nílùú òyìnbó níbí, kì í fẹ́ kí àlejò gbé kọfí òun kalẹ̀ láìmu. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé rẹ̀, kọfí náà korò bí jogbo, mo bá gbé ife kalẹ̀. Ojú baba yí padà.

"Mama, kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Mo ní, "Ṣúgà ni o!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nílé àwọn, àlejò tó bá ní ẹ̀bẹ̀ kì í mu kọfí àfi tí onílé bá gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ìránṣẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbé ife kalẹ̀ níwájú bàbá-bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olóyè, kí ogun àgbáyé kìíní tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn Tọ́kì tó ń ṣàkóso wọn nígbà náà ti kọ́kọ́ fún olóyè náà ní idà oníwúrà kó má baà kúrò lẹ́yìn wọn. Gẹ̀ẹ́sì ní kó bá àwọn lé Tọ́kì, ilẹ̀ á di tiwọn. Olóyè ní, "Mo gbà, mu ún." Ọmọ rẹ̀ méjì bógun lọ. Ìwọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, kọ ìyẹn dáadáa. Ogun parí tán, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà gba àárín ilẹ̀ wọn, ibi tí wọ́n sin olóyè sí wá bọ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Lọ́dún tí baba kú, ó tọrọ físà, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, kó lè lọ rí sàréè náà. Ó ka èsì ìjọba ibẹ̀ sí mi létí: wọn ò lè gbà á, kò sí ìwé ẹni tó pè é wá ṣàlejò.