Tòlótòló Tó Ń Ṣe Àmín

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè sá pamọ́ sábẹ́ àká àgbàdo láìtẹ̀ba, èmi ni mo kọ́ tòlótòló kan ní àmín ṣíṣe. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Nílé wa ní Ẹ̀rúnmú, títí di òní, àwọn kan ṣì ń di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru Bàbá Lémọ́mù, àwọn mìíràn sì ń dì í ru ẹyẹ náà fúnra rẹ̀. Wọn kò jẹ̀bi. Èmi ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló sì jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí bí ọbẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà náà. Ẹ ó rántí ẹ̀gúsí tí epo rẹ̀ máa ń bo ẹran mọ́lẹ̀, tí ọmọdé á máa fi ahọ́n lé epo tó ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́. Irú ọbẹ̀ yìí ni Ìyá Àgbà fẹ́ràn. Òwú ló ń ran, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń rù ú lọ sọ́jà. Kò sí ọmọ tó lè bá a rìn láìsáré. Ṣùgbọ́n ọdún kan dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tó bá ti fẹnu kan epo báyìí, á bì í. Wọ́n se àgbo fún un títí ewé fi tán lẹ́yìnkùlé wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ṣítù, ló máa ń lọ ná ọjà Ẹ̀kó nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣí. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú alárùú kan tó ru apẹ̀rẹ̀, alárùú náà sì ń sunkún. Ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ti ń fi ẹnu gún un lórí láti Ìkòròdú. Wọ́n tú u sílẹ̀. Tòlótòló jáde, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ ìyẹ́ rẹ̀, ó sì ké. Àwọn ìyàwó ilé sá wọlé. Nítorí orí rẹ̀ tó pá, àwọn kan ní igún ni, wọ́n ní kí Bàbá Ṣítù gbé e padà síbi tó ti gbé e wá.

Bàbá Lémọ́mù, àgbà ilé wa tó máa ń ṣáájú wa nírun, lóṣòó síwájú ẹyẹ náà. Ó ju awọ ẹran tó ti jẹrà sí i, ẹyẹ náà kò wò ó. Ó da àgbàdo sílẹ̀, ẹyẹ náà ṣà á jẹ. Bàbá Lémọ́mù dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní ohun tó fi ẹran sílẹ̀ tó ń jẹ àgbàdo, ẹbí adìẹ ni, orí ló kàn fá. Ó ní a lè jẹ ẹ́.

Bàbá Ṣítù wá ṣàlàyé fún wa. Ìyá Sàró kan tó wọ̀ sí lọ́dọ̀ ní Ẹ̀kó ti ní irú ẹsẹ̀ wíwú bẹ́ẹ̀ rí, ẹran ẹyẹ yìí ló sì jẹ tí ara rẹ̀ fi yá, nítorí pé kò lọ́ràá. Ṣùgbọ́n yíyan ni, kì í ṣe dídín. A ó fi ata díẹ̀, àlùbọ́sà àti efinrin pa á lára. A ó tẹ́ ẹ sórí igi tútù lókè ẹyinná tí kò léèéfín, a ó máa yí i jẹ́jẹ́, kí ìwọ̀nba ọ̀rá tó ní lè kán sínú iná, kó má bàa kán sínú èèyàn. Tètè tí a fi omi lásán bọ̀ ni a ó fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù. Iyọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ohun tí ìka méjì lè mú.

Ọjọ́ náà gan-an ni ìyá mi dán ẹ̀fọ́ aláìlépo yìí wò. Nígbà tí àwọn ará ilé rí i nínú àwo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa kẹ́dùn. Ìyàwó kan tilẹ̀ gbé akèrègbè epo wá, ó ní kí ìyá mi má tijú. Nígbà tó gbọ́ pé ńṣe ni a mọ̀ọ́mọ̀ sè é bẹ́ẹ̀, ó wo ìyá mi títí, ó rọra gbé epo rẹ̀, ó sì lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àìsàn Ìyá Àgbà ti ran ìyá mi, orí ló sì gbà wọ̀ ọ́.

Ìrìn àjò ti jẹ tòlótòló náà gbẹ. Wọ́n ní ká bọ́ ọ títí oṣù tuntun yóò fi lé, èmi ni wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Láràárọ̀, kí n tó lọ sí ilé kéwú, màá wa ikán fún un, màá bu àgbàdo sí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, màá sì tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé bó bá ti rí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tẹ́, àgbàdo ì báà wà níbẹ̀, ì báà má sí, á na ọrùn, á sì ké gúlúgúlúgúlú.

Àwa ọmọdé máa ń ṣeré àdúà nígbà náà. Ẹnìkan á di Lémọ́mù, ẹnìkan á dùbúlẹ̀ bí aláìsàn, àwọn yòókù á ṣe àmín. Mo mú tòlótòló wọ inú eré yìí. Lémọ́mù wa á tẹ́wọ́, á ní kí Ọlọ́run fún wa ní ẹran, tòlótòló á sì dáhùn. Àwọn ọmọ ń ti òpin ìlú wá wò ó. Bí oṣù tuntun ṣe ń sún mọ́lé, mo mọ̀ pé wọn ó pa á. Mo wá fi ọjọ́ méje kọ́ ẹyẹ náà kó máa dákẹ́ títí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò fi mí, kó tó dáhùn. Bó bá yá jù, mi ò ní fún un ní àgbàdo. Mo lè sọ pé àánú rẹ̀ ló ṣe mí, àánú náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jù níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá yan án, kò sẹ́ni tí yóò máa wá ẹnu ọ̀nà wa mọ́.

Ọjọ́ pé. Ẹyinná ti pọ́n, ìyá mi ti gún ata àti efinrin, Ìyá Àgbà ti jókòó sórí ẹní rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi imú fa òórùn àlùbọ́sà. Bàbá Lémọ́mù ti pọ́n ọ̀bẹ. Kó tó pa á, ó ní ká kọ́kọ́ ṣe àdúà fún aláìsàn. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí Ọlọ́run gbé e dìde. Tòlótòló ní gúlúgúlúgúlú. Ó ní kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn. Gúlúgúlúgúlú. Bàbá Lémọ́mù sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ní oòrùn mú lónìí. Tòlótòló dákẹ́. Ó tún tẹ́wọ́, ó tọrọ òjò. Gúlúgúlúgúlú.

Bàbá Lémọ́mù ti ọ̀bẹ bọ inú àkọ̀. Ó ní, “Èmi kò ní pa ẹni tó ń bá wa ṣe àmín.”

Ẹyinná ti wà nílẹ̀, wọn kò fẹ́ kó ṣòfò. Iṣu ni wọ́n yan fún Ìyá Àgbà.

Láti ọjọ́ náà ni tòlótòló ti di ẹni ńlá nílé wa. Àwọn èèyàn ń ti abúlé kejì wá tọrọ ọmọ. Bàbá Lémọ́mù á tẹ́wọ́, tòlótòló á dáhùn, àkàrà sàráà á sì dé. Ẹyẹ náà ní ẹní tirẹ̀. Ó sanra débi pé àyà rẹ̀ ń gbálẹ̀ bó bá ń rìn.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó kan jáde sí àgbàlá láti ṣépè fún ẹni tó ká ilá rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ sókè, ó ní kí ikùn onítọ̀hún wú. Tòlótòló dáhùn ketekete. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti gbé ilá wá fún ìyàwó náà. Ẹ̀rù wá ba gbogbo ilé. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìyá mi, tí kì í bá mi wí láìsọ pé Ọlọ́run á mú mi, á kọ́kọ́ pè mí sínú yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á wá bú mi sétí. Ilé tó kún fún èèyàn wá dákẹ́ bí ẹni pé òkú ló wà nílẹ̀, àfi igbe tòlótòló.

Oṣù mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ìyá Àgbà ń jẹ iṣu yíyan àti tètè aláìlépo, ọwọ́ rẹ̀ rù títí ẹ̀gbà fi ń yọ́ bọ́ lára rẹ̀, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fà. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé omi lọ fún un, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

“Sùmọ́nù, ọkọ mi, ẹran mi ń ṣe àmín níta, èmi ń jẹ iṣu nínú ilé. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?”

Mo ní, “Ìyá Àgbà, èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ má bínú.”

“O kọ́ ta ni?”

“Tòlótòló ni. Àgbàdo ni mo fi kọ́ ọ.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ìwọ tí Áfáà ń nà lójoojúmọ́ pé o kò mọ kéwú?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Nígbà tó mí, ojú rẹ̀ ti yí padà. “Lọ sọ fún Lémọ́mù. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́.”

Mo ní màá lọ. Mi ò lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó lọ, Ìyá Àgbà kò sì bi mí léèrè ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà. Ó kàn ń wò mí ni.

Bàbá Lémọ́mù kò gbà mí gbọ́. Mo tẹ́wọ́ níwájú tòlótòló, mo ní ilá ń so lórí òrùlé. Gúlúgúlúgúlú. Bàbá Lémọ́mù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, ó ní, “Irùngbọ̀n mi dà bí ewé gbúre.” Gúlúgúlúgúlú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Gbogbo sàráà tí mo ti jẹ ńkọ́?”

Mo ní, “Àkàrà ló pọ̀ jù níbẹ̀, Bàbá. Tòlótòló náà sì jẹ nínú rẹ̀.”

Ó ní kí n mú pàṣán wá, kí n tẹ́wọ́. Ẹgba mẹ́fà ló nà mí ní àtẹ́lẹwọ́, tòlótòló sì ṣe àmín sí ìkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n pa á lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àkàrà ti ba ẹran aláìlọ́ràá wa jẹ́. Bó ṣe kan iná ni ọ̀rá ń kán, tí iná ń bú sókè, tí igi tútù fi jóná lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ń fẹ́ ẹyinná pẹ̀lú ọwọ́ tó ti lé. A yan án títí di ìrọ̀lẹ́ kí ọ̀rá náà tó tán, nígbà yẹn ẹran ti le bí igi odó. Eyín mẹ́rin ló kù lẹ́nu Ìyá Àgbà. Ó gbìyànjú, ó fi í sílẹ̀. Ni ìyá mi bá gbé ẹran yíyan náà sínú odó, ó gún un bí ẹni gúnyán, ó rò ó mọ́ tètè. Òun ni Ìyá Àgbà jẹ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún fà. Ti òsì kò fà tán títí di òní. Ẹlòmíràn ló ń bá a ru òwú lọ sọ́jà.

Mo ti dàgbà báyìí. Mo fi oṣù díẹ̀ kọ́ ìwé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Ìbàdàn, òun ni mo fi ń kọ èyí. Ayé ti yí padà. Nígbà náà, ọ̀nà ṣí, iyọ̀ pọ̀, aláìsàn nìkan ló ń jẹ ẹ̀fọ́ tí kò ní iyọ̀ tó bó ṣe yẹ. Ní báyìí tí ogun ti dí ọ̀nà Ẹ̀kó, iyọ̀ wọ́n débi pé gbogbo ìlú ló ń jẹ oúnjẹ Ìyá Àgbà, láìsí ẹni tó ń bá wọn kẹ́dùn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò rí tòlótòló rí. Bí mo bá sọ fún wọn bó ṣe rí, wọ́n á ní mò ń purọ́, n kò sì lè bínú sí wọn.

Mo ti ṣèlérí fún Ìyá Àgbà pé lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá ṣí, màá ra tòlótòló kékeré kan, èyí tí kò tíì mọ àkàrà, màá yan án fún un fúnra mi, láìsí epo, kó rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá ti Ìbàdàn dé, kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán, á na ẹsẹ̀ òsì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á wò mí lójú, á sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. N kò ní nǹkan tí mo lè fi síbẹ̀. Àmín náà ni mò ń ṣe.