Ìkòkò Kékeré Tí Wọ́n Dá Ìdí Rẹ̀ Lu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tó wọlé wá bá mi ní Ahougnansou níbí, àdúgbò wa ní Bouaké. Sàídátù, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́ sórí fóònù, torí èmi ò mọ̀wé. Mo ti ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ìkòkò ni mo ń tà lọ́jà Bouaké kí orúnkún tó dá mi jókòó. Títí dòní, ẹni tó bá rí ìkòkò àtijọ́ á gbé e wá, á ní kí n wo ibi tó ti wá àti bóyá ó níye lórí. Gàníyù ló ń gbé wọn wá jù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni, kò tíì pẹ́ tó dé láti Nàìjíríà. Ó ń ra ohun àtijọ́ káàkiri àdúgbò fún oníbàárà kan ní Abidjan. Ẹnu rẹ̀ dùn, èèyàn ò lè bínú sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, méjì ló gbé wá nínú àpò sìmẹ́ńtì. Àkọ́kọ́ dúdú kirikiri, ó ní ti ayé àwọn baba ńlá Baoulé, àwọn onílẹ̀ ibí, ni. Mo fi ìka nu inú rẹ̀, èédú bá mi lọ́wọ́. Mo bi í pé iná ilé ta ló máa ń jó ìkòkò láti inú? Mo fi ahọ́n kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu bí amọ̀ tuntun. Ìkòkò tó ti mu ọbẹ̀ yó kì í lẹ̀ mọ́ ahọ́n.

"Gàníyù, èyí ò tíì se ẹ̀fọ́ rí láyé. Èéfín ni wọ́n fi tàn ọ́ jẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá Oníkòkò, ẹ ẹ́ ba ọjà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó wá mú kékeré jáde, tí kò tóbi ju àgbọn lọ. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Amọ̀ àwọn obìnrin Baoulé ìtòsí ibí ni, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ó sì ti dàgbà lóòótọ́. Mo ní èyí níye lórí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ìdí rẹ̀ lu. Ṣé kí òun fi sìmẹ́ńtì dí i kí oníbàárà má baà rí i?

Mo yí i padà. Ìkòkò tó bá fọ́ fúnra rẹ̀, sísán ló máa ń sán. Ihò tèyí rí róbótó. Èèyàn ló fi ìṣó dá a lu jẹ́jẹ́.

Mo gbé e lé itan mi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé nílé tiwa, a kì í sọ ibi ọmọ nù? Èkejì ọmọ ni. Inú ìkòkò ni wọ́n máa ń gbé e sí kí wọ́n tó sin ín sẹ́yìn ilé. Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run fi Alijánà kẹ́ ẹ, á kọ́kọ́ dá ìdí ìkòkò náà lu, kí omi òjò má baà dúró níbẹ̀ tí òtútù á fi máa mú ọmọ. Á wá fi ọ̀bẹ fa ìlà sí etí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan fún àkọ́bí, ẹ̀ẹ̀mejì fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó ní ibi tí wọ́n bá sin ín sí, ibẹ̀ lẹsẹ̀ ọmọ á máa darí sí.

Mo fi àtàǹpàkò wá etí ìkòkò náà. Ìlà ọ̀bẹ mẹ́ta ni mo bá.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ti lọ bá Ọlọ́run wọn. Lásísì ló kù, bàbá Sàídátù tó ń kọ èyí. Kamiọ́n ló ń wà, ó ń kó ẹrù láti Zone industrielle, níbi táwọn ilé iṣẹ́ wà, lọ sí Burkina. Bó bá ti já ẹrù tán, ilé ló ń bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹ wo Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, tó ń sáré ọbẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ojú ọ̀nà ló wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo bi Gàníyù níbo ló ti rí i. Ó ní àdúgbò Nimbo ni, nílé àtijọ́ kan tí wọ́n wó, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ló hú u nídìí igi máńgòrò. Nídìí máńgòrò yẹn ni mo ti ń fọ aṣọ ọmọ. Ibẹ̀ la háyà kí ọkọ mi tó kú.

"Erùpẹ̀ inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti dà á nù, Ìyá. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa nítorí yín."

"Níbo lo dà á sí?"

"Gọ́tà ni. Kí ló dé?"

Òjò ńlá sì ti rọ̀ mọ́jú, ó ti gbá a lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò sọ̀rọ̀ oníbàárà mọ́. Ó fi ìkòkò méjèèjì sílẹ̀, ó lọ.

A pe Lásísì, kò wọlé. A tún pè é, kò wọlé. Mo ránṣẹ́ sí Alfa wa. Ó ní kò sí ohun tí wọ́n hú nílẹ̀ tó lè yí kádàrá padà. Mo ṣe àmín. Ọwọ́ mi ò kúrò lára ìkòkò náà. Nírọ̀lẹ́, mo bu erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa kún inú rẹ̀, mo sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n kí ni mo sin gan-an? Erùpẹ̀ sínú erùpẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Lásísì pè. Ara rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ ń dún kedere. Ó ní ọ̀gá kan lọ́hùn-ún fún òun níṣẹ́, òun ó ṣì wà ní Ouagadougou ní Burkina ná. Mo bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná."

Kò béèrè Sàídátù. Kò béèrè ohun tá a sè.

Sàídátù, nu ojú rẹ, máa kọ ọ́ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ tó béèrè iye tí ìkòkò àtijọ́ tó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá sì ń kó kúrò nílé tẹ́ ẹ ti bímọ, ẹ rántí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tá à ń kó kúrò ní Nimbo, èmi rántí àga, mo rántí ìkòkò ọjà.

Ẹni tírú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe? Ṣé ọmọ náà padà wálé? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, Sàídátù á kà á fún mi. Fóònù náà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiyín ló ń retí.