Ẹni Tó Ń Bá Mi Gbá Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà bá mi ṣeré. Nílé wa ní Òkòkómáíkò, fúláàtì méjì ló dojú kọra nísàlẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló wà láàárín wọn: tèmi lápá ọ̀tún, ti Màmá ọlọ́ṣẹ lápá òsì. Láràárọ̀, kí n tó lọ síléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìbà, màá ti gbá iwájú ilẹ̀kùn mi, màá fi omi ọṣẹ nù ún, màá gbọn máàtì, màá to bàtà. Tí òjò bá rọ̀ tí ẹrẹ̀ títì bá lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi, ìta ni yóò dúró sí títí tí màá fi bu omi wá. Á ní, "Ṣé ilé ni mo fẹ́ wọ̀ àbí mọ́ṣáláṣí?" Màá kàn da omi sí i lẹ́sẹ̀.

Ìyá mi l'Ékìtì ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí àlejò tó kí ẹ, ó ti fojú kí ẹnu ọ̀nà ẹ ná.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí a ti ń wá ọmọ, mo lóyún. Ó pé oṣù méje, gbogbo àdúgbò ti rí i, kó tó bọ́ lára mi ní ọsibítù. Mo padà sílé lọ́wọ́ òfo. Háà, ó dùn mí! Mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sógiri. Ọkọ mi á jí lọ síbi iṣẹ́ ní Ìjànikin, èmi á wà níbẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn má bi mí léèrè ọmọ kí n tó lè dìde dúró.

Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló gbọ́, òun ló sì kó sí mi lórí. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ẹ ṣọ́ ẹni tó bá ń sún mọ́ ilẹ̀kùn yín o. Ayé ń kó erùpẹ̀ ẹsẹ̀ èèyàn lọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo já ilẹ̀kùn ṣí. Màmá ọlọ́ṣẹ ni, ìyá Mùsùlùmí láti Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ń tajà l'Ájáńgbàdì, tí wọ́n tó bí mi lọ́mọ dáadáa. Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n ń gbá ìdọ̀tí mi sínú páákà. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè kí ló dé tí àgbàlagbà fi ń gbálẹ̀ fún ọmọdé. Inú ló bí mi.

"Màmá, ta ló rán yín níṣẹ́? Kí lẹ fẹ́ fi erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà mi ṣe?"

Wọ́n nàró díẹ̀díẹ̀, wọ́n fọwọ́ di ìbàdí mú. Wọn ò bú mi. Wọ́n rọra da ìdọ̀tí náà padà sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n gbọn páákà náà kí n rí i pé ó ṣófo.

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. N ò mú nǹkan kan níbẹ̀."

Wọ́n wọlé. Èmi alákọ̀wé, mo rò pé mo ti ṣẹ́gun! Mi ò tilẹ̀ gbá ìdọ̀tí ọ̀hún. Atẹ́gùn fẹ́ ewé àti ọ̀rá lé e, ó ń ga sí i lórí máàtì mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó lándílọ́ọ̀dù sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá kan ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin tí ẹnu ọ̀nà yín máa ń dán! Ṣé kò sí o? Màmá ọlọ́ṣẹ ní dókítà ní kí ẹ sinmi, kí á má yọ yín lẹ́nu. Mo sì ń rí i pé ibí ń mọ́ lójoojúmọ́, mo ní wọ́n wà dáadáa." Ojú ẹ̀ bọ́ sí ikùn mi. "Ọmọ wa ńkọ́?"

Mo sọ fún un, lórí ìdúró, pẹ̀lú aṣọ tí mo fi sùn. Ó káwọ́ lérí, ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kó tó dìrọ̀lẹ́, odindi ilé ti wá kí mi, omi àti agbè kan náà ni. Mò ń ṣe àmín, ọkàn mi ń gbọgbẹ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé látọjọ́ tí mo ti dé láti ọsibítù ni ìyá yẹn ti ń fi ìgbálẹ̀ bò mí láṣìírí. Èmi sì fojú àjẹ́ wò wọ́n.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tiwọn dé tèmi, mo sì kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Màmá, ẹ foríjì mí. Mo ṣìwà hù."

"Dìde, ilẹ̀ tutù."

Mi ò dìde. Wọ́n bá jókòó tì mí nílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní àwọn náà sin àkọ́bí àwọn, pé èrò tó ń wá kí àwọn ò jẹ́ kí àwọn ráyè sunkún. Mò ń retí kí wọ́n bá mi wí, tàbí kí àwọn náà mú ọ̀rọ̀ agbè wá. Wọ́n kàn bi mí pé:

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Èmi àti ọkọ mi gan-an ò tíì sọ ọ́ síta.

"Obìnrin ni," mo ní. "Irun orí ẹ̀ pọ̀ gan-an ni, Màmá."

Mo wá sunkún.