Ẹ̀rọ Kì Í Purọ́

Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ nígbà náà: "Ẹ̀rọ kì í purọ́." Èmi ni òpùrọ́. Èmi tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ru ọṣẹ kiri ọjà Kaneshie, tí mo bímọ fún un, tí a jọ kọ́ ilé tí à ń gbé ní Kokomlemle yìí. Ẹ̀rọ kékeré tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ wá di olóòótọ́, èmi di òpùrọ́. Ṣíọ̀!

Àtọ̀gbẹ ló mú mi. Dókítà ní kí n máa gún ìka mi láàárọ̀ àti lọ́sàn-án kí n tó jẹun, kí n kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ náà, kí n wo iye ṣúgà tó wà lára mi. Láàárọ̀, tí mo bá ti ṣe alùwàlá, tí mo kírun àsùbáà tán, màá gún un, ẹ̀rọ á gbé mẹ́fà jáde, inú gbogbo ilé á dùn. Tó bá di ọ̀sán, màá wọlé láti ṣọ́ọ̀bù mi tó wà níwájú ilé, màá fi etí ìró nu ọwọ́, màá gún un kí n tó lọ ṣe alùwàlá ìrun ọ̀sán. Mẹ́rìndínlógún!

"Kí lo jẹ?" Ọkọ mi á ti dúró tì mí.

"Wọ́láhì, mi ò fi nǹkan kan kan ẹnu. Omi ni mo mu."

"Nílé tí ojú wa wà lára rẹ, ó dáa. Ní ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ ìwọ nìkan, ó burú. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ni mò ń tà? Mílíìkì, bísíkíìtì, àti ṣúgà tí àwọn oníbàárà mi ń pè ní asikyire. Àpò ńlá ni mò ń rà, màá jókòó láti àárọ̀, màá máa bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké fún àwọn tó ń ta ògì. Ló bá di pé mò ń lá ọjà mi. Ìyàwó tí ọkọ mi fẹ́ lé mi ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: "Ìyáálé mi, ẹ má bínú o, ṣé ẹ kì í tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀ ni?" Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí dòní.

Wọ́n gé oúnjẹ mi kù. Kẹ́ńkẹ́ kan di ààbọ̀. Mò ń lo oògùn lórí ebi, ara mi ń gbọ̀n, òógùn ń bò mí níbi tí mo jókòó sí. Síbẹ̀, tí ọ̀sán bá dé, mẹ́rìndínlógún. Àwọn àgbà ní ẹní bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Èmi ò tiẹ̀ jalè rárá.

Nígbà tó yá, ọkọ mi gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ó ní nítorí ìlera mi ni, ó sì gbé e fún ìyàwó. Ẹ̀gbà ọrùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo tà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó lọ ra ọjà ní Tema, wọ́n ní kí n bá a jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Mo di ṣúgà fún àwọn ológì, mo wọlé lọ́sàn-án, mo gún ìka: mẹ́rìndínlógún. Mo ti ń sunkún lọ síbi alùwàlá. Bí mo ṣe ń fọ ọwọ́, mo rí hóró ṣúgà ní abẹ́ èékánná mi. Háà! Mo padà, mo gún ìka mìíràn. Mẹ́fà.

Ọkàn mi ò sí lórí ìrun mọ́ lọ́sàn-án yẹn. Nígbà tí ìyàwó dé, mo pe òun àti ọkọ mi jókòó. Mo fọwọ́, mo gún un: mẹ́fà. Mo ti ìka kejì bọ ṣúgà, mo fi etí ìró nù ún, mo gún un lójú wọn. Ó fò kọjá mẹ́rìndínlógún.

Ọkọ mi gba ẹ̀rọ náà wò. Mo rò pé yóò ní kí n má bínú.

"Kí ló wá dé tí o kì í fọwọ́?" ló wí.

Mo ní kó dá kọ́kọ́rọ́ mi padà. Ó ní ó ti mọ́ ìyàwó lára, kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Àbí o ò rí bí ṣúgà rẹ ṣe ń dáa láàárọ̀ lọ́sàn-án láti ìgbà tí o ti kúrò níbẹ̀? Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Ìyàwó ló ń di ṣúgà báyìí. Tó bá dì í tán, á lá ọwọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó gún ìka rẹ̀ wò rí.