Dọ̀kítọ̀ Adìẹ ti Pobè

Ìtàn Ládiípọ̀ tí gbogbo Pobè mọ̀ jù ni ti ọjọ́ tó gbé adìẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sakété. Kò tíì pẹ́ tí Dahomey gba òmìnira nígbà náà. Adìẹ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Bonaventure alágbẹ̀dẹ ni, ó ti pẹ́ tí kò yé, Ládiípọ̀ sì ti ní kò sí ohun tó ń ṣe é ju pé ojú kan náà ló ń rí láràárọ̀. Ó ní kó lọ rí ayé díẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni kọ̀ntirólọ́ọ̀ tó ń yẹ tíkẹ̀ wò dé, ó nàka sí adìẹ.

"Bàbá, inú wágọ́n ẹrù ni adìẹ ń wọ̀."

"Mùsé, kì í ṣe ẹrù. Aláìsàn ni."

"Ara rẹ̀ ì báà yá, ì báà má yá, adìẹ ni."

"A ti gbòmìnira," ni Ládiípọ̀ wí, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ máa kó aláìsàn pọ̀ mọ́ àpò gààrí ni?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Kọ̀ntirólọ́ọ̀ ṣí kẹ́pì, fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó fi í sórí ìjókòó kó lè ráyè nu òógùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to òfin ọkọ̀ ojú irin lẹ́sẹẹsẹ fún un. Kó tó to òfin tán, adìẹ Bonaventure ti wọnú kẹ́pì, ó ti yé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ará Sakété. Ládiípọ̀ wo ẹyin, ó wo ọkùnrin náà. "Ẹ ṣeun, mùsé," ó ní, "ẹ̀yin lẹ wò ó sàn."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Dọ̀kítọ̀ Adìẹ. Orúkọ náà wúlò fún un ju bí àwọn tó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ṣe rò lọ, nítorí kò bímọ tí wọn ì bá fi pè é ní bàbá ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ̀bá ojú irin ni ilé rẹ̀ wà, ó sì dákẹ́ débi pé òun gan-an kì í fẹ́ wọ̀ ọ́ bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú.

Bí adìẹ ẹnìkan kò bá yé, á dé. Á ní kí wọ́n lọ ìkarawun ìgbín fún èyí tí èèpo ẹyin rẹ̀ rọ̀. Èyí tó sàba lórí ilẹ̀ òfìfo, á ti ikùn rẹ̀ bọ omi tútù kó lè gbàgbé ọmọ. Èyí tó ń lọ yé sínú igbó, á tọ ipasẹ̀ rẹ̀ bí ọdẹ. Ṣùgbọ́n kì í kánjú. Ohun tí ẹlòmíràn á ṣe tán kí ó tó jókòó, odidi ọjọ́ ló ń gba Ládiípọ̀.

Nígbà kan, Geneviève tó ń ta aṣọ ránṣẹ́ pè é. Ó ní àwọn adìẹ tí òun rà ní Towé, kò sí èyí tó yé rí nínú wọn. Ládiípọ̀ jókòó tì wọ́n láti òwúrọ̀. Ó gbọ́ ìròyìn ọkọ, ó gbọ́ ti ìyá ọkọ, ó gbọ́ ti àbúrò ọkọ tí oorun rẹ̀ pọ̀ jù. Ó jẹ àkàsà pẹ̀lú ẹja díndín. Ìgbà tó fọwọ́ tán ló tó ní, "Ọmọ mi, àkùkọ ni gbogbo wọn. Wọn ò tíì dàgbà ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."

"Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ẹnu ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbé ìkòkò kaná."

Ọdún tí Odile lọ sílé ọkọ ní Kútọnu ni Ládiípọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣuntóyìn, ìyá Odile. Opó ni Ọ̀ṣuntóyìn, Odile sì ni àbíkẹ́yìn. Ó wá ku òun àti adìẹ mẹ́ta. Ó ń kí wọn káàárọ̀, ó sì ń bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń dúró de ìdáhùn. Nígbà tí àwọn náà dáwọ́ ẹyin dúró, ńṣe ló dà bí ẹni pé gbogbo ayé ti kẹ̀yìn sí i.

Ládiípọ̀ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka wọn àárín eegun ìdí wọn. Bí ibẹ̀ bá fẹ̀, adìẹ ń yé. Bó bá há, kò yé. Tiwọn há.

"Ìyá Odile, ilé yìí ló dákẹ́ jù. Bí ibì kan bá dákẹ́, adìẹ á rò pé àṣá wà lókè. Àfi ká máa sọ̀rọ̀."

Wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ládiípọ̀ á gúnwà sórí àpótí lẹ́nu ilé adìẹ, Ọ̀ṣuntóyìn á máa bẹ ẹ̀gẹ́. Irọ́ pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, ó sì dùn. Kò pẹ́ tí adìẹ fi yé. Ládiípọ̀ kí i kú oríire, ó dé fìlà, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì kò wá, lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Ọ̀ṣuntóyìn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè bínú sí ẹyin.

Ó ri ẹyin mọ́nú àpò gààrí, ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Bàbá, wọn ò yé mọ́ o."

"Mo ti fura," ni Ládiípọ̀ wí. Ó ti ń wọ bàtà.

Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Á fi ìka wọn ìdí adìẹ, á mi orí, á ní, "Ọ̀rọ̀ yìí le, Ìyá Odile," á sì jókòó. Ẹyin ń pọ̀ nínú gààrí, kò sì ṣeé tà ní Pobè, kí ẹnìkan má lọ sọ fún Ládiípọ̀. Ọ̀ṣuntóyìn bá ń dì í fún Fàósátù, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ná ọjà Sakété. Odidi ọdún méjì ni àwọn ará Sakété fi jẹ ẹyin adìẹ tí kò yé.

Nígbà ọyẹ́ kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ládiípọ̀, kò sì gbádùn títí tó fi kú. Níbi ìsìnkú, ìtàn kẹ́pì ni wọ́n ń sọ, Bonaventure ń fi ìdí ṣàpèjúwe bí adìẹ ṣe jókòó sínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín àfi Ọ̀ṣuntóyìn. Ó fa Fàósátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo tan bàbá yẹn jẹ. Ó kú, ó rò pé òun ò mọṣẹ́ òun mọ́, nítorí adìẹ mi."

Fàósátù wò ó. "Ìyá Odile, ẹni tó ń fi ìka wọn ìdí adìẹ láràárọ̀, ẹ rò pé kò mọ̀? Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín tà á ló dúró dè mí níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró, ó bi mí bóyá ẹyin yín ń tà."

"Kí ló wá wí?"

"Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó ní bí ẹ bá gbọ́, ara àwọn adìẹ á yá, òun á sì ní láti padà sílé òun."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gba ẹnu Ọ̀ṣuntóyìn, ẹ̀rín tó mú kí àwọn ènìyàn yíjú wò ó. Lẹ́yìn náà ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, adìẹ ké pé òun ti yé. Ọ̀ṣuntóyìn bẹ̀rẹ̀ mú ẹyin náà, ó ṣì gbóná lọ́wọ́. Ó ti tú ẹnu àpò gààrí kó tó rántí pé kò sí ẹni tí òun ń fi í pamọ́ fún mọ́.