Ọjọ́ Tí Daddy Mú Àna Rẹ̀ Wo Festac

Bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ernest Jayéọlá, kì í sọ pé òun ń gbé ní Festac. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Èmi ni mo mọ Festac." Bí àwọn ará àdúgbò bá ṣèpàdé nítorí omi tí kò yọ, Daddy á dìde, á tún jígí ojú rẹ̀ ṣe, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1977, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo ayé kóra jọ sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà, tí ìjọba kọ́ ilé rẹpẹtẹ yìí dè wọ́n. Kó tó dé orí ọ̀rọ̀ omi, ìdajì ìpàdé á ti dìde lọ ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà.

Bẹ́ẹ̀, ọdún 1979 ni Daddy tó wọ Festac, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ tán, tí wọ́n ti fi ìbò pín àwọn ilé náà. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀nà mẹ́ta péré ló mọ̀: ọ̀nà tó ti ilé wa ní Fourth Avenue lọ sí ibi tó ti ń wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ n'Íkòyí, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọ̀nà ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gẹrun rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọ̀nà ọ́fíìsì yọ kúrò. Ó ku méjì. Lẹ́yìn náà irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán.

Èmi Ṣìmí, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ni mo fa ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, Ṣínà, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi, tó ń gbé ní Raji Rasaki Estate, gba àlejò bàbá rẹ̀ láti Ṣakí. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ń lọ sí ẹni àádọ́rin ọdún. Iṣẹ́ awakọ̀ ló ṣe títí tí ojú rẹ̀ fi ní ó tó. Ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Orúkọ wọn ń dá Daddy lágara. Ọ̀jẹ̀, orúkọ ilé eégún ni, ṣọ́ọ̀ṣì wa kò sì fẹ́ gbọ́ ohun tó bá jọ eégún sétí. Daddy ti pe Ṣínà sí kọ̀rọ̀ rí, ó ní ṣé wọn ò lè sọ ọ́ di Jésùtúndé kí wọ́n tó tẹ káàdì ìgbéyàwó. Ṣínà ní òun á bi bàbá òun. Mo mọ̀ pé kò bi í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Ṣínà mú bàbá rẹ̀ wá kí wa. Wọ́n jẹun tán, Daddy sún àga sọ́dọ̀ àlejò.

"Àna mi, ṣé ẹ ti rí Festac yìí rí?"

"Mo ti rí i díẹ̀. Ó ti pẹ́."

"Ẹ̀ẹ́n, lórí tẹlifíṣàn! Ti tẹlifíṣàn kọ́ là ń sọ. Lọ́la, èmi fúnra mi ni màá mú yín yíká, bí wọ́n ṣe máa ń mú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ káàkiri lókè òkun."

Bàbá wo Ṣínà. Ṣínà wo ilẹ̀.

"Ẹ ṣeun o, àna mi," ni Bàbá wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Daddy jáde láti yàrá nínú ṣòkòtò péńpé kakí àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tó dé orúnkún. Ó fi jígí dúdú sójú, ó gbé ike omi kọ́ èjìká, ó sì há fáìlì kan sí abíyá. Mummy tó ń ṣa ẹ̀wà dáwọ́ dúró.

"Daddy Ṣìmí, ṣé Festac náà lẹ ń lọ, àbí Jerúsálẹ́mù?"

 Daddy fi kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa ya gbogbo ibi tí òun bá nàka sí. Nínú fáìlì náà ni ètò ọjọ́ náà wà, ó ti lọ tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà lóru. Nọ́ńbà kìíní: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé dé nínú bùbá àti sálúbàtà, àwa mẹ́ta sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Daddy tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Ṣínà ti lọ síbi iṣẹ́. Daddy fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo gbogbo ọ̀nà tí a ó rìn, ó de gbogbo jàǹbá ojú pópó, ó sì bẹ Ọlọ́run kó mú wa padà dé ilé láyọ̀. A kò tíì rìn ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa.

Táǹkì omi ńlá kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ gíga la kọ́kọ́ wò. Ìpáàrà ti bo ìdí rẹ̀.

"Ẹ wo ọ̀hún yẹn," ni Daddy wí. "Lórí rẹ̀ làwọn àlejò pàtàkì ti ń dúró wo gbogbo Èkó."

Bàbá gbójú sókè, ó wò ó pẹ́. "Omi inú rẹ̀ wá ń kọ́?"

Daddy ṣí fáìlì. Kò sí omi nínú fáìlì. "Ìyẹn kọ́ ló ṣe pàtàkì," ó ní, a sì kọjá.

A dé etí kánààlì, níbi tí koríko ojú omi àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti bo gbogbo ojú odò débi pé adìẹ kan ń rìn lórí rẹ̀. Daddy ní ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó àwọn oníjó kọjá níbẹ̀, pẹ̀lú iná àti fèrè. Ó ní kí n yà á. Mo ya adìẹ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ní ká lọ wo ibi tí àwọn ọ̀dọ́ Festac ti ń lo ọpọlọ wọn. Sáíbà kan ló mú wa wọ̀, yàrá gbóná kan tí kọ̀ǹpútà bí ogún wà nínú rẹ̀, tí ọmọkùnrin kan sì jókòó sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé a kò gba ẹni tó ń fi lẹ́tà jìbìtì ránṣẹ́. Abẹ́ ìwé náà gan-an ni ọmọkùnrin kan jókòó sí tó ń kọ̀wé sí opó kan ní Amẹ́ríkà, mo rí "my dearest" tó fi bẹ̀rẹ̀.

Daddy dúró sí ẹnu ọ̀nà nínú jígí dúdú, ó ṣí fáìlì, ó sì fi ohùn ìpàdé sọ pé, "Ṣìmí, ya gbogbo wọn. Má fo ẹnì kankan."

Ẹni tó bá sọ pé òun rí bí yàrá náà ṣe ṣófo, irọ́ ló ń pa. Àga ń wó, bàtà ń fò, ẹnì kan gba ojú fèrèsé jáde pẹ̀lú àtẹ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ẹni tó ni ibẹ̀ nìkan ló kù, ó sì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni tí ọlọ́pàá ká mọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú mi! Mo ti ń kìlọ̀ fún wọn!"

"Dìde," ni Daddy wí. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó rò pé ọ̀wọ̀ ni. "Àwa kàn ń wo ìlú ni."

Ọkùnrin náà dìde, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ti yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ikọ́ ni.

Ìgbà tí a jáde níbẹ̀ ni a sọnù. Ọ̀nà Festac, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn ńlá, álífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń pe àwọn kílóòsì kéékèèké, ẹni tó bá sì mọ ABD lè rò pé kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n pátákó ti wó níbi tó pọ̀, ilé gbogbo sì jọra bí ìbejì. A kọjá níwájú ilé kan tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé kì í ṣe títà. A rìn bí ìdajì wákàtí, a tún bá a pàdé. Nígbà kẹta, ìyá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì lódìkejì ọ̀nà kò lè mú un mọ́ra.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ilé ta lẹ ń wá?"

"A ò wá ilé kankan. Arìnrìn-àjò afẹ́ ni wá."

"Nínú Festac yìí?"

"Ìyá, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé Festac!"

Ó yí bọ̀ọ̀lì kan padà. "Pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ ò ṣe pe àwọn ará ilé yín lórí fóònù kí wọ́n wá mú yín?"

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sún mọ́ Daddy. "Àna mi, oòrùn yìí ti mú jù. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn ilé wọ̀nyẹn, ibòji wà níbẹ̀." Ó ṣíwájú wa gba àárín ilé méjì, ó tẹ pákó kan kọjá gọ́tà, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, a sì bọ́ sí títì ńlá gbangba.

"Ẹ rí i?" ni Daddy wí, ó ń nu jígí rẹ̀. "Mo mọ̀ pé a ti sún mọ́ ọn."

Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí Bàbá ní òun fẹ́ tọ̀, ibi tó sì ti lọ tọ̀ mú wa jáde síbi tí Daddy ti ń wá láti àárọ̀. Mo fà sẹ́yìn, mo rọra bi í.

"Bàbá, ẹ mọ ibí yìí."

"Ìyàwó mi, tìpà ni mo wà níbí lọ́dún 1975 àti 1976. Èmi ni mo kó iyanrìn tí ilé yín dúró lé." Ó wo iwájú, níbi tí Daddy ti ń nàka sí òpó iná kan. "Má sọ fún un o. Inú ẹ̀ ń dùn."

Mi ò sọ. Ẹlòmíì ló sọ ọ́. Ní ọ̀nà Seventh Avenue, a kọjá níwájú arúgbó kan tó ń lẹ táyà lábẹ́ igi máńgòrò. Ó gbé orí sókè, ó ju táyà ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ọ̀jẹ̀! Ọ̀jẹ̀ Onítìpà! Ṣé o ò tíì kú ni?"

"Clement! Ìwọ náà wà láyé?"

Wọ́n dì mọ́ra wọn, òróró ọwọ́ Clement sì bo bùbá Bàbá. Clement fà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun gbé Fáńtà mẹ́ta wá. Kó tó ṣí wọn tán, ó ti tú gbogbo àṣírí. Ó ní òun pẹ̀lú Ọ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ sùn ní Festac nígbà tí ilé ò tíì lórí. Ó ní nígbà àjọ̀dún, Ọ̀jẹ̀ ni wọ́n fún ní bọ́ọ̀sì láti máa gbé àwọn àlejò, bó ṣe jẹ́ pé òun nìkan ni kì í sọnù.

Mi ò lè wo ojú Daddy. Fáìlì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni tí afẹ́fẹ́ fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. 

"Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó oníjó ń kọ́?" ó bèèrè níkẹyìn.

"Mi ò rí i o, àna mi," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà, ó lè jẹ́ pé wọ́n kọjá nígbà tí mo ń sùn."

Daddy mu Fáńtà. "Kí ló wà níbí kí wọ́n tó kọ́lé?"

"Irà ni. Irà, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹ̀fọn. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ n fi ibì kan hàn yín."

Ó mú wa rìn díẹ̀, ó dúró níwájú gbọ̀ngán ńlá kan tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. A ti gba ẹ̀yìn dé ibẹ̀ láìmọ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀: ORÍ ÀPÁTA NI A WÀ.

"Ibí ni tìpà mi rì sí," ni Bàbá wí. "Ó rì dé fèrèsé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi fà á. Orí rẹ̀ nìkan ló jáde, ìdí rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, níbi tí ẹ gbé pẹpẹ sí yẹn."

Daddy wo ògiri náà, ó wo ilẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà díẹ̀, bí ẹni tó ń dán ibùsùn wò. Mo gbé kámẹ́rà, mo ya àwọn méjèèjì, ó sì jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo tó dára lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a délé, Mummy bi í pé báwo ni. Ó ní ó dára, ó lọ sùn láìbọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ Jésùtúndé mọ́. Káàdì jáde pẹ̀lú orúkọ tí bàbá Ṣínà gbé wá sáyé, olùṣọ́-àgùntàn wa kà á lórí pẹpẹ láìmọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e ni èmi àti Daddy wọ mọ́tò lọ dá ìbẹ̀wò náà padà ní Ṣakí. Kò dé apá ibẹ̀ rí láyé rẹ̀. Obìnrin kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nígbà tí mo sì fi máa jí ní Ìsẹ́yìn, Daddy ti ń ṣàlàyé ìlú Ṣakí fún un.

"Ẹ mà mọ Ṣakí o, Daddy," ni obìnrin náà wí. "Níbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì gbọ́ èyí rí. Ṣé ẹ ti gbé ibẹ̀ ni?"

 Daddy wo ojú fèrèsé, ó wò mí.

"Rárá," ó ní. "Àna mi ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà délé Ọ̀jẹ̀túndé?"